Ọwọ́, Irin àti Owó Gbà-máà-bínú: Ìtàn Ìfarapa Ọwọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Ẹ̀rọ, láti Inú Àgbẹ̀dẹ dé Ìsọ̀ Ilé-Ogbó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìfarapa ọwọ́ láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àgbẹ̀dẹ, ó gba ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Òṣogbo kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí ìsọ̀ ẹ̀bá títì ní Ilé-Ogbó. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni pé òfin ti mọ iye ìka òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1941. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ kúrò ní ilé-iṣẹ́ ńlá bọ́ sí ẹ̀bá títì, ọgbà tó yí i ká kò bá a wá, òfin náà kò sì bá a wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi dí àlàfo náà: pé ẹni tó farapa kò farabalẹ̀.

1. Ìfáàrà

Ilé-Ogbó ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Ìwó. Ìlú àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ìlú àgbẹ̀ lóde òní kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ẹ̀rọ tí ń lọ ata, wẹ́dà tí ń gé irin ilẹ̀kùn, tánà tí ń yí irin tí wọn yóò fi tún ẹ̀rọ àwọn yòókù ṣe. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí so kọ́ra. Bí irin àárín ẹ̀rọ gàrí bá jẹ, ọ̀dọ̀ tánà ni wọn yóò gbé e lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, wẹ́dà ni yóò jó o pọ̀. Oúnjẹ tí a ń jẹ ti gba abẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ irin kọjá kí ó tó dé ẹnu wa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agbègbè yìí, mo mọ baálé ilé kan, oníṣẹ́ irin, tí ìka mẹ́ta kò sí ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, ọwọ́ òsì ni yóò nà, yóò sì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni náà má bínú sí ọwọ́ òsì. Kò sí ẹni tó ń bínú. Síbẹ̀, kì í gba nǹkan kí ó má bẹ̀bẹ̀. Lójú mi nígbà náà, ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló pọ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òfin iṣẹ́ ni mo tó bi ara mi léèrè pé: nínú ẹni tó fi ìka sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún, ta ló yẹ kí ó bẹ ẹnì kejì?

Ìbéèrè náà ni iṣẹ́ yìí dá lé. Àwọn onítàn ti kọ púpọ̀ nípa owó-oṣù àti ìyanṣẹ́lódì ní ilẹ̀ wa. A kò lè sọ̀rọ̀ ìtàn òṣìṣẹ́ ní Èkó kí a má dárúkọ iṣẹ́ A. G. Hopkins lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1897. Àwọn onímọ̀ àṣà pẹ̀lú ti fi hàn bí Ògún ṣe kúrò ní òrìṣà ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ nìkan, tó di ti awakọ̀ àti mẹkáníìkì; ìwé Africa's Ogun, tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989, wà lára èyí tó lórúkọ jù nínú wọn. Ní àárín ìtàn owó àti ìtàn òrìṣà yìí ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà, òun ni a sì fẹ́ wò níhìn-ín.

2. Ọwọ́ nínú àgbẹ̀dẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ mú wá ní láti kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí kí ẹ̀rọ tó dé. Iná àti irin gbígbóná ni ewu àgbẹ̀dẹ, ewu ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ ní ọ̀nà méjì tó ń gbà dáàbò bo ọwọ́.

Ọ̀nà kìíní ni ohun èlò. Ẹ̀mú ni alágbẹ̀dẹ fi ń di irin mú. Iṣẹ́ ẹ̀mú ni láti fi àyè sí àárín ọwọ́ àti iná, kí irin má baà jó ẹni tó ń rọ ọ́. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò sọ pé òun gbọ́n tàbí òun farabalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fi nílò ẹ̀mú.

Ọ̀nà kejì ni ètò ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan irin. Ìdí ẹwìrì ni yóò wà, tí yóò máa fẹ́ iná, tí yóò sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, yóò di irin mú fún ọ̀gá. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó gbé ọmọ owú. Bí a bá yẹ ètò yìí wò dáadáa, a óò rí i pé iṣẹ́ tí àgbẹ̀dẹ ń fún ẹni tí kò tíì mọ nǹkan ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ewu jù lọ. Bí ìmọ̀ rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe máa súnmọ́ irin. A óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú, nítorí pé níbẹ̀ gan-an ni ìsọ̀ òde òní ti yà kúrò lọ́nà.

Kò yẹ kí a gbàgbé Ògún. Bí irin bá ṣe ènìyàn léṣe, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọwọ́ Ògún wà níbẹ̀, wọn a sì bọ ọ́. Àwọn kan lè sọ pé irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí a wá ìdí tí ènìyàn fi ń farapa. A kò fara mọ́ èyí pátápátá. Ògún kan náà ni a ń fi irin búra níwájú rẹ̀, òun ni ẹlẹ́rìí àdéhùn, kò sì fẹ́ èké. Nítorí náà, ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ irin ń gbà á lójú Ògún. Bí ọmọ náà bá farapa, ìbéèrè nípa ojúṣe ọ̀gá kò ṣàì sí níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ fi owó díwọ̀n rẹ̀.

3. Rélùwéè àti ọdún 1897

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la rélùwéè láti Ìdó ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i níbẹ̀ ní 1901. Ó gba Ìwó kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Báyìí ni ojú irin ṣe gba ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ogbó kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe ni Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta, ní ibi tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Lókò títí di òní. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá púpọ̀ ti kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀rọ tí ń yí irin, tí ń lu irin, tí ń gé irin.

Ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ ńlá kan ni í máa yí ọ̀pá gígùn tó wà lókè, bẹ́líìtì ni yóò sì gbé agbára sọ̀kalẹ̀ láti ara ọ̀pá náà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti àgbẹ̀dẹ ju ti ìwọ̀n lọ. Nínú àgbẹ̀dẹ, bí alágbẹ̀dẹ bá dáwọ́ dúró, irin dúró. Níwájú ẹ̀rọ, bí òṣìṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, irin ṣì ń yí. Bí ó bá fa aṣọ, yóò fa ọwọ́ tó wà nínú aṣọ. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ni òun fà. Ara tí ó rẹ̀, oorun tí ó gbé ni lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn nǹkan tí irin inú àgbẹ̀dẹ máa ń foríjì, ẹ̀rọ kò ní foríjì wọ́n.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ èyí, nítorí pé ó ti jẹ wọ́n lọ́wọ́ ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1844 ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣọgbà yí àwọn ẹ̀rọ tó léwu ká ní ilé ìhunṣọ, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí àwọn ọmọdé máa nu ẹ̀rọ nígbà tó bá ń yí. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ti farapa, àtigba owó lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Láti ìgbà ẹjọ́ Priestley v Fowler ní 1837 ni àwọn adájọ́ ti ń sọ pé bí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ló fa ìfarapa rẹ, ọ̀gá yín kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ léwu tó sì gbà á ti gba ewu rẹ̀, tàbí pé àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló pa á lára. Jámánì ló kọ́kọ́ gbé ètò adójútòfò ìfarapa òṣìṣẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 1884. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1897, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì náà fọwọ́ sí òfin pé bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu àwọn iṣẹ́ kan, rélùwéè sì wà lára wọn, agbanisíṣẹ́ yóò san owó fún un láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ní láti fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi.

Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1897 yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó yanṣẹ́ lódì sí Gómìnà McCallum nítorí wákàtí iṣẹ́ àti owó. Ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí òfin tó mọ iye ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ṣì ń jà kí wọ́n má gé owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ọdún 44 ni yóò kọjá kí irú òfin náà tó dé Nàìjíríà.

4. Ọdún 1941: ìka ọwọ́ kò dọ́gba

Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ wọlé ní Nàìjíríà ní 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú un wá. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti wà láti 1938. Ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kún ohun tí yóò máa wò kí ó tó fún ilẹ̀ amúnisìn lówó ìdàgbàsókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, kò dákẹ́. Ní 1942, ìjọba dá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Ogun nílò kòkó, epo pupa àti ẹ̀pà tí rélùwéè ń kó. Ọkọ̀ nílò ọwọ́ tí yóò tún un ṣe.

Ohun tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò nínú irú òfin yìí ni àkójọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti to ẹ̀yà ara lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n sì kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá ní tirẹ̀, ọwọ́ ní tirẹ̀, àtàǹpàkò ní tirẹ̀. Ìka tí a gé ní oríkèé kan kò tó èyí tí a gé tán. Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ pé ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi iye sí i. Àtàǹpàkò ló ń ṣíwájú, nítorí pé òun ni í kọjú sí àwọn yòókù kí ọwọ́ tó lè di nǹkan mú. Ẹni tí kò ní àtàǹpàkò lè fi ọwọ́ ti nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè di òòlù mú. Ìlábẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọmọńdinrín ló kéyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń lo òòlù tàbí àdá mọ̀ pé agbára ìdìmú pọ̀ níbẹ̀.

Àṣeyọrí ńlá ni àkójọ náà, nítorí pé ó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò nílẹ̀: a kò ní láti mọ ẹni tó ṣẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ìka tó. Ṣùgbọ́n ó ní àlàfo méjì. Èkíní ni pé owó-oṣù ni a fi ń ṣírò ìdá náà, nítorí náà ìka ẹni tó ń gba owó kékeré kò wọ́n tó ìka ẹni tó ń gba owó ńlá. Kí wá ni ti ọmọ-ìkọ́ṣẹ́, tí kì í gba owó-oṣù, tó sì jẹ́ pé òbí rẹ̀ ló ń sanwó fún ọ̀gá? Ìdá ọgbọ̀n nínú òfo, òfo ni.

Àlàfo kejì ni pé àkójọ náà kò mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe láwùjọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun ni a fi ń fúnni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni. Baálé ilé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò pàdánù ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ nìkan; lójoojúmọ́ ló ń pàdánù díẹ̀ nínú ìwà tó yẹ kí ó hù láàárín ẹgbẹ́, tó sì ní láti fi ẹ̀bẹ̀ rà á padà. Kò sí òfin tó ní ìdá fún èyí.

5. Òṣogbo àti ọgbà tó yí ẹ̀rọ ká

Òfin ilé-iṣẹ́ ti 1955 mú ọ̀rọ̀ ọgbà wọ Nàìjíríà: kí a bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, kí a má fi ẹni tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ sídìí ẹ̀rọ tó léwu láìsí ẹni tó ń bójú tó o, kí àwọn abẹ̀wò ìjọba sì máa yẹ ilé-iṣẹ́ wò. Ní 1987, ìjọba ológun tún òfin ilé-iṣẹ́ àti òfin owó gbà-máà-bínú kọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ túmọ̀ rẹ̀, ọgbà ara ẹ̀rọ ni ẹ̀mú òde òní, ẹ̀kọ́ àti ìbójútó sì ni ìdí ẹwìrì. Òfin náà kò sọ ohun tó ṣàjèjì sí wa.

Ní àsìkò yìí ni Òṣogbo di ìlú irin. Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ irin gbọọrọ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Jos àti Katsina ni àwọn méjì yòókù. Ní 1980, ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ HMT ti orílẹ̀-èdè Íńdíà dá Nigerian Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí a lè máa ṣe ẹ̀rọ lathe àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Èrò náà jinlẹ̀: orílẹ̀-èdè tó bá lè ṣe ìyá ẹ̀rọ lè bí ẹ̀rọ yòówù tó bá wù ú. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin ní lọ́kàn, èyí tó ní ẹnu ọ̀nà tí abẹ̀wò lè gbà wọlé, tó ní ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, tó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ètò ìmúpadàbọ̀sípò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Náírà já wálẹ̀, ohun èlò láti òkè òkun wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ní orílẹ̀-èdè yìí rọ, ìrètí Òṣogbo náà kò sì ṣẹ bí wọ́n ṣe rò ó. Iṣẹ́ irin kò tìtorí èyí parí. Ó kàn kúrò ní ilé ńlá bọ́ sí ìsọ̀ onípáànù ni. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ló kún ibẹ̀, àwọn mìíràn ti dàgbà ju ẹni tó ń lò wọ́n lọ.

6. Nínú ìsọ̀: bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀rọ

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a lọ́ra díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí ìfarapa ṣe ń ṣẹlẹ̀ yóò gbà pé àdéédé ni.

Ẹ mú ẹ̀rọ lathe. Ó ń yí irin lójú kan, ọ̀bẹ rẹ̀ ń bó irin náà, ẹ̀rún irin sì ń jáde bí irun wíwé, ó mú, ó gbóná. Bí ẹ̀rún náà bá wé mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí, ohun tó máa ń wuni ni láti fi ọwọ́ fà á kúrò. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nítorí kí ó má baà gé e wà nínú ewu tó tún tóbi jù, nítorí pé ẹ̀rọ yóò gbá ìbọ̀wọ́ mú, yóò sì fa gbogbo ọwọ́. Àkísà tí a fi ń nu epo, ọwọ́ aṣọ gígùn àti òrùka ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Òrùka lè bó awọ ìka kúrò lára egungun. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fún irin mọ́ ẹ̀rọ, bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí a tan iná, yóò fò bí òkò.

Ẹ wo ẹ̀rọ alọ́wọ́ tí wẹ́dà fi ń gé irin. Ó ní ìdérí irin tó bo ìdajì òkúta rẹ̀ nígbà tí a rà á. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń tú u kúrò kí òkúta tó tóbi jù lè wọ̀ ọ́. Òkúta tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ń yí ju bí a ṣe ṣe é fún lọ. Bí ó bá fọ́, ọwọ́ tó di ẹ̀rọ mú ló súnmọ́ ọn jù.

Ẹ wo ẹ̀rọ gàrí, èyí tí wẹ́dà àdúgbò sábà máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Páànù tí a fi ìṣó dá lu ló wé mọ́ ìlù tí ń yí nínú rẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá kù díẹ̀, kì í lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ìgbálẹ̀ẹ́dí igi kan lásán ìbá tó, èyí tí yóò jẹ́ ẹ̀mú fún ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n igi a máa sọnù, ọwọ́ kì í sọnù títí di ọjọ́ tó bá sọnù.

Ewu kan wà tó jẹ́ tiwa ní pàtàkì. Iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ dúró, a kò pa á. Ọmọṣẹ́ lo àǹfààní náà láti nu inú ẹ̀rọ. Iná dé. Ní ilé-iṣẹ́ tí ètò rẹ̀ pé, ẹ̀rọ ní ìtanná tí í pa ara rẹ̀ bí iná bá lọ, tí ènìyàn ní láti tún tẹ̀ kí ó tó yí. Bí ìtanná náà bá bàjẹ́ lára ẹ̀rọ tòkúnbọ̀, wáyà ni wọ́n sábà ń so pọ̀ tààrà.

Nínú gbogbo èyí, ta ni ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ ewu jù? Ọmọṣẹ́ ni. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ kékeré ni kí ó nu ẹ̀rọ, kí ó gbá ẹ̀rún irin, kí ó bá ọ̀gá ti ẹ̀gẹ́. Ní àgbẹ̀dẹ, iṣẹ́ kékeré jìnnà sí irin. Níwájú ẹ̀rọ, iṣẹ́ kékeré ló wà nínú irin gan-an. A gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ wọ ìsọ̀ ẹ̀rọ láìṣe àtúnṣe sí i, ohun tó jẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀ wá di pàkúté. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ọmọ kan tàbí ọ̀gá kan. Àṣìṣe ìtàn ni.

7. "Kò farabalẹ̀ ni"

Bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ni pé ọmọ náà kò farabalẹ̀. Ọ̀gá ń sọ ọ́, aládùúgbò ń sọ ọ́, ẹni tó farapa fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́. Ọ̀gá náà lè san owó ìtọ́jú díẹ̀, kí ó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí ó sì tún bẹ àwọn òbí rẹ̀. Ènìyàn rere ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rere rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Bí inú rẹ̀ kò bá rere, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ kí ọdún 1897 tó dé. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Òṣìṣẹ́ kì í farabalẹ̀ nígbà gbogbo. Kò sí ènìyàn tó ń farabalẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ohun tí òfin 1844 àti ti 1897 gbà ni pé ẹ̀rọ tó bá nílò kí ènìyàn farabalẹ̀ láìsinmi kí ó má baà gé e lọ́wọ́ kò tíì yẹ kí ènìyàn máa lò ó. Alágbẹ̀dẹ mọ èyí ṣáájú àwọn aṣòfin náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń lo ẹ̀mú.

8. Òfin 2010 àti ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́

Ní 2010 ni Nàìjíríà fi òfin tuntun, Employee's Compensation Act, rọ́pò ti 1987. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù òṣìṣẹ́ wọn sínú àpò kan, Nigeria Social Insurance Trust Fund ló sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀; agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni ìtumọ̀ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́. Ó dárúkọ ẹni tí a gbà síṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìwé. Ó dárúkọ ìkọ́ṣẹ́. Ó sì dárúkọ ẹ̀ka ọrọ̀-ajé tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ aláforúkọsílẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọṣẹ́ tó dúró nídìí ẹ̀rọ ní Ilé-Ogbó wà nínú òfin náà.

Ṣùgbọ́n àpò tí owó-oṣù ń gbé ró kò lè rí ìsọ̀ tí kò ní ìwé owó-oṣù. Òfin ti na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọṣẹ́, ọwọ́ ọmọṣẹ́ ni kò tó o. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ òfin àti ìjọba wá ọ̀nà tí ìsọ̀ kékeré yóò fi wọ inú ètò náà. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, a ní ohun kan nílẹ̀ tí kò pọn dandan kí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́. Òbí ń fọwọ́ sí i, ọ̀gá ń fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí ń jókòó, ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ sì ń mọ̀ nípa rẹ̀. Ó sábà máa ń sọ iye ọdún, owó ìkọ́ṣẹ́ àti ọjọ́ fírídọ̀mù. Kì í sábà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá fi ìka sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Gbólóhùn mẹ́ta ló kù kí a fi kún un: pé ọmọṣẹ́ kò ní nu ẹ̀rọ tí a kò pa, pé a kò ní tú ìdérí ara ẹ̀rọ, pé bí ìfarapa bá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá àti ẹgbẹ́ ni yóò jọ gbé ìtọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń dá owó àjọ fún ìsìnkú àti ìkómọ lè dá ti ọwọ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti tọ ipa ọwọ́ láti ìdí ẹwìrì dé ìdí ẹ̀rọ. A rí i pé àgbẹ̀dẹ mọ bí a ṣe ń fi àyè sí àárín ọwọ́ àti ewu, àti pé òfin 1941, 1955, 1987 àti 2010 ń gbìyànjú láti fi èdè mìíràn sọ ohun kan náà. A sì rí i pé nígbà tí iṣẹ́ irin bọ́ sí ẹ̀bá títì, ẹ̀rọ nìkan ló dé ibẹ̀.

Èdè wa pe owó tí òfin ń san ní owó gbà-máà-bínú. Orúkọ náà dára, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tó ń sanwó ló ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè tàn wá jẹ kí a rò pé àánú ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ni. Baálé ilé tí mo mọ̀ nígbà èwe mi kò gba gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Òun ló lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù láti máa bẹ àwa yòókù pé kí a má bínú sí ọwọ́ òsì.